Ọmọ Ọlọ Tí O Sọ Di Dígí

Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí mo kó búrẹ́dì àárọ̀ jáde nínú ààrò.

Fẹ́mi ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọkọ mi tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí,

Mo kí ọ o. Baba rẹ náà ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kí ìkíni tirẹ̀ mú inú rẹ dùn, nítorí òun náà wà lára ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí wọ́n gbé ọ lọ sí Ìgèdè pé kí o lọ máa ṣe tíṣà níbẹ̀, tí o sì mú ìyàwó tuntun dání, mo ṣèlérí pé màá jókòó kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn gígùn kan sí ọ bí òbí ṣe máa ń ṣe. N kò kọ ọ́. Iṣẹ́ búrẹ́dì kò jẹ́ kí n ráyè, mo sì rò pé o ti gbọ́n tó ẹni tó lè bójú tó ilé. Mo ti rí i báyìí pé n kò rò ó re.

Bí o bá ń yí àgbá òkúta rẹ lọ́wọ́, dá a dúró. Wá àga jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìròyìn fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ lo sìn ín dé ìdíkọ̀, o bá a gbé ẹrù sínú mọ́tò, o sì ń juwọ́ sí i títí mọ́tò fi yà lójú ọ̀nà. O rò pé ó wá kí wa ni. Ọmọ mi, kò wá kí wa. Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni, ìwọ lo sì bá a gbé ẹrù. Ó tún gbé àpò òkúta tí o fi rán an sí baba rẹ, ó sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ pé kí baba wo èyí tó pupa dáadáa. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó ń fi ọ́ sílẹ̀, ó ṣì ń bá ọ jẹ́ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà burú, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́ tán. Mọ́tò tó gbé e bọ̀ dúró ní Ìyìn. Èrò sọ̀, èrò wọlé. O mọ̀ pé ilé baba rẹ̀ kò jìnnà sí ojú títì. Ó ní òun rí ìyá òun níwájú ilé níbi tó ti ń sá ẹ̀gẹ́. Kò sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn àgbààgbà nìyẹn, baba rẹ̀ á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. O mọ baba rẹ̀, ẹni tó ní kí a tún ìdọ̀bálẹ̀ ṣe lọ́jọ́ ìdána nítorí pé àyà baba rẹ kò kan ilẹ̀ dáadáa. Dípò kó sọ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó ní òun yóò dúró di ọjọ́ Àìkú. Bí òun kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi kan láti ẹnu rẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó tú, Ìyìn ni òun ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí ní kánmọ́kánmọ́, kí awakọ̀ tó ń kó búrẹ́dì mi lọ sí Ìgèdè lè mú un dé ọwọ́ rẹ lónìí.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé fún ọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kí baba rẹ, ó gbé àpò òkúta fún un. Lẹ́yìn náà ló tú gèlè kan tó fi di nǹkan tó wúwo. Mo rò pé iṣu ni. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn búrẹ́dì mi, mo sì rí i pé ọmọ ọlọ ni. Fẹ́mi, mo ti ń lọ ata láti ìgbà tí mo ti ga tó ọlọ, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Mo tẹ̀ síwájú, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀ tòun ti ìyẹ̀fun ní imú. Mo bi ìyàwó rẹ pé kí ni èyí. Ó ní kí n bi ọmọ mi, ó sì bú sẹ́kún.

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ, baba rẹ ti gbé òkúta náà lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò pa á lára. Obìnrin ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà yíjú padà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, “Uyanrìn wo ló fi ṣe é?” Mo ní kó lọ máa pọ́ǹpù táyà kẹ̀kẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó lọ, ṣùgbọ́n ó ń bojú wẹ̀yìn.

Ohun tí ìyàwó rẹ sọ fún mi nìyí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí o wá já a. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun bímọ ní Ìyìn, òun lọ bá a wẹ ọmọ ní gbogbo àsìkò ọlidé yín. Nígbà tó padà dé, ilé mọ́, o sì ti gbé nǹkan kan sórí tábìlì pálọ̀, o fi aṣọ funfun bò ó. O ní kó ṣí i. Ó ṣí i, ó rí òkúta kan tó ń kọ mànà. Ó rò pé ọ̀kan lára àwọn tí o máa ń ṣà lódò ni. Ó dúpẹ́, ó ní ó dára, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí àlejò lè máa rí i. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ilé ìwé yín àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun. Mọrẹ́nikẹ́ bọ́ sí ilé ìdáná, ó ṣa ata, ó bó àlùbọ́sà, ó nawọ́ sí ọmọ ọlọ, kò bá a níbẹ̀. Ó wá ẹ̀yìn ìkòkò, ó wá abẹ́ igi ìdáná. Nígbà tí kò rí i, ó lọ bá obìnrin tí ẹ jọ ń gbé ilé, ó bi í bóyá ó yá a láìsọ. Obìnrin náà bínú, ó ní òun kò tíì di olè ọmọ ọlọ. Ibi tí wọ́n ti ń tahùn síra wọn ni ìwọ ti jáde, tí o bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, tí o gbọ́ ọ tán, tí o rẹ́rìn-ín músẹ́, tí o wá nawọ́ sí tábìlì pálọ̀. Ó ní ẹ̀rín yẹn dun òun ju ọmọ ọlọ lọ.

Kò lè yá ti obìnrin yẹn mọ́ lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é lólè tán. Ó gbé ọmọ ọlọ dídán náà lé ata. Ata yọ̀ bọ́ sọ́tùn-ún. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ata yọ̀ bọ́ sósì. Ó ní ọmọ ọlọ náà kò lọ nǹkan kan, ó kàn ń lé ata kiri orí ọlọ, ata sì ta sí òun lójú. Nígbà tí àlejò jókòó, odindi ata ló ń léfòó lórí ọbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ń fi ṣíbí ṣà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀, nítorí èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ní ọbẹ̀ náà dára, ó ní òun gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sè é nílùú òyìnbó. Wọ́n lọ tán, Mọrẹ́nikẹ́ wá bi ọ́ pé kí ni òun fi ṣe ọ́ tí o fi ba ọmọ ọlọ òun jẹ́. Ìdáhùn tí o fún un, ó ti sọ ọ́ fún mi títí ó fi há mi lórí. O ní, “Ṣé kò dán ni?”

Ọmọ mi, o kò mọ ohun tí o sọ. Ìyá rẹ̀ ló gbé ọmọ ọlọ yẹn lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń kó ẹrù ìyàwó bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ín. Ní ilé wọn, wọ́n máa ń sọ pé ọkọ tó bá fẹ́ lé ìyàwó kì í pariwo, nǹkan ìdáná rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Ọ̀kan á tú ààrò, ọ̀kan á fọ́ ìkòkò. Ìyàwó rẹ wá gbà pé ohun tí ìwọ náà ń sọ nìyẹn, pé kí òun má dáná fún ọ mọ́. Mo sọ fún un pé ọmọ tí mo bí kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ìmọ̀ràn mi rèé. Mo kọ nọ́ńbà sí i kí o lè rí i pé èmi náà lọ sílé ìwé.

Ìkíní. Má fọwọ́ kan nǹkan ìdáná obìnrin láìbéèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọ́n ní òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, òkúta tí baba ṣà lọmọ ń yí. O kò tíì dáyé nígbà tí baba rẹ bẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kẹ̀kẹ́ náà ló sì fi ṣe ẹ̀rọ òkúta. Ó dojú kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan dé, ó fi rọ́bà tíúbù so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ àgbá kékeré kan, ó ń fọwọ́ yí pẹ́dálì. Òkúta odò Ìrèjé àti èyí tó ń ṣà bọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè, àti iyanrìn, àti omi, gbogbo rẹ̀ á máa yí gbìrìgbìrì nínú àgbá títí òkúta á fi máa dán. Àwọn èèyàn bi í pé kí ni yóò fi òkúta dídán ṣe. Ó ní òun yóò máa wò ó. Ó máa ń sọ pé iyanrìn tó le ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná, lẹ́yìn náà ohun tó kúnná ju iyanrìn lọ ni yóò wá fún un ní dídán. Ibo ni baba rẹ ti rí ohun tó kúnná ju iyanrìn lọ? Nínú àpò ìyẹ̀fun mi.

Ì bá sàn bó bá jẹ́ pé ó bù ú kó sì dà á nù. Ó sá a gbẹ, ó dà á padà. Àwọn oníbàárà mi lẹ́bàá Ọjà Ọba ra búrẹ́dì, wọ́n gé e jẹ, eyín wọn ń dún káká. Olùkọ́ ìjọ wa gbé tirẹ̀ padà wá, ó ní òun sanwó búrẹ́dì, wọ́n ta òkúta fún òun. Nígbà tí mo dojú kọ baba rẹ, ó ní òun fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí òun tó dà á padà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí lójú tirẹ̀, ó ti ṣe ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Nítorí náà, bí o bá nílò nǹkan nílé ìdáná, bi ìyàwó rẹ. Bó bá ní rárá, rárá náà ni.

Ìkejì. Èmi náà ní ohun tí mo ṣe nígbà èwe mi, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Baba rẹ kó òkúta jọ sẹ́yìn ààrò mi, òkúta rogodo-rogodo, kò kọ orúkọ kankan sí wọn lára. Ilẹ̀ ààrò sán. Mo wo òkúta, mo wo ilẹ̀ tó sán, mo fi òkúta tẹ́ ẹ. Ta ni kì bá ṣe bẹ́ẹ̀? Mo dáná, mo ti búrẹ́dì sínú rẹ̀. Àṣé àwọn kan wà lára òkúta tí kò gbọdọ̀ rí iná. Ó dún bí ìbọn ọdẹ. Búrẹ́dì kan fò jáde, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ewúrẹ́ sì sá. Baba rẹ sáré dé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí màá kọ́kọ́ sọ. Ó lóṣòó, ó mú àfọ́kù òkúta kan kúrò nínú ìṣù búrẹ́dì. Òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo àgbàdo tẹ́lẹ̀ ti di pupa bí osùn. Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì fún un, ó sì bi mí bóyá mo lè tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe múra ìjà tó, n kò rẹ́ni bá jà.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnì kan nínú ilé lè wo nǹkan kó rí ìdọ̀tí, kí ẹnìkejì wò ó kó rí ohun ọ̀ṣọ́. Bí Mọrẹ́nikẹ́ bá fi òkúta rẹ dí ilẹ̀kùn, má pariwo mọ́ ọn. Sọ fún un pé èyí ni o fẹ́ràn, kí o sì wá òkúta mìíràn tí yóò fi dí ilẹ̀kùn.

Ìkẹta. Baba rẹ dìde lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, ó ní ìgbéyàwó dà bí àgbá, pé ọkọ àti aya á máa fi ara gbo ara títí àwọn méjèèjì á fi dán. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bí o bá wo ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, wàá rí i pé n kò pàtẹ́wọ́. Mo ti ṣí àgbá yẹn rí, Fẹ́mi. Òkúta tó bá rọ̀ á di ẹrẹ̀, èyí tó le nìkan ni yóò kù, ẹni tó ń yí i lóde ni yóò sì máa sọ pé ó dára. Má gbé ìyàwó sínú àgbá. Ìyàwó rẹ ní ibi tó rí págunpàgun. Ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ń sọ ojú abẹ níkòó, kò sì mọ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn ibi tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń dán kọ́ ló ń lọ ata. Bí dídán bá ń wù ọ́, odò Ìgèdè kò gbẹ, lọ ṣa òkúta níbẹ̀.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún ni, n kò kà á mọ́. Gbé àgbá náà kúrò ní pálọ̀. Ìyàwó rẹ ní ariwo rẹ̀ dà bí ti mọ́tò tó ń bọ̀ tí kì í dé. Ó ní òun máa ń dìde láti lọ wo ẹni tó dé. Ó tún ní òun ti sùn lé òkúta rí, àti pé o ní kí òun rọra torí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Kọ́ àtíbàbà sẹ́yìn ilé, kí o máa yí i níbẹ̀. Èmi ló ní kí baba rẹ kọ́ tirẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó kọ́ ọ. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo ohun tí etí mi ti gbọ́, awakọ̀ á lọ láìmú lẹ́tà yìí.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù, kà á dáadáa.

Mo mọ ìdí tí o fi ṣe é. Ìwọ ni mo bí, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ìwà rẹ. Àárò rẹ̀ sọ ọ́, o wá nǹkan tí ó jẹ́ tirẹ̀, o sì fi gbogbo ọlidé rẹ yí i nítorí pé ohun tó dára jù tí o mọ̀ ọ́n ṣe láyé nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi kò wọlé. Ìyá ọkọ ni mí, kí ni mo fẹ́ sọ tó ju ìyẹn lọ?

Láàárọ̀ yìí ni baba rẹ wá bá a nídìí ààrò, ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun tún òkúta náà wò. Mo ti gbé ìgbálẹ̀ sókè. Baba rẹ jókòó tì í, ó fi ibì kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà tí kò dán, ibi kékeré kan tó ní igun mẹ́rin, tí àwọn igun náà sì rí roboto. Ó bi í pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ní ibẹ̀ ni àtàǹpàkò máa ń wọ̀ bí èèyàn bá ń lọ ata, pé ibẹ̀ ti jẹ kòtò láti ọwọ́ ìyá ìyá òun. Ó ní òun rí i pé o kò dán ibẹ̀, òun rò pé ibẹ̀ ni ọwọ́ ti rẹ̀ ọ́.

Baba rẹ mi orí. Ó ní, “Ọwọ́ kò rẹ̀ ẹ́. Pátì, rọ́bà tíúbù tí a fi ń lẹ táyà, ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kí uyanrìn má baà jẹ ẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gé pátì; wo etí rẹ̀.” Ó ṣàlàyé fún un pé pátì kì í pẹ́ nínú àgbá, pé omi àti iyanrìn á máa ṣí i, pé ẹni tó bá fẹ́ kí ibẹ̀ wà bó ṣe wà ní láti máa dá àgbá dúró, kó máa gbé òkúta jáde, kó máa nù ún gbẹ, kó máa tún un lẹ̀, ní gbogbo ìgbà. Ó ní òun kò lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò sí ibẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá, kí ló dé tí kò wí fún mi?”

Inú mi dùn sí ọ débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì bínú sí ọ débi pé bí o bá wà nítòsí ni, màá gbá ọ létí. Ọ̀rọ̀ tó lè gba ilé rẹ là wà lẹ́nu rẹ, o gbé e mì, o wá mú “ṣé kò dán ni” jáde. Ọmọ mi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí o bá ṣe ohun tó dára fún ìyàwó rẹ, sọ ọ́ fún un. Má dúró kó rí i fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni Ọlọ́run fún ní baba ọkọ tó mọ etí pátì.

Nítorí náà, kí o tó kúrò ní Ìgèdè, lọ bẹ obìnrin tí ẹ jọ ń gbé ilé, nítorí ìwọ lo dá ìjà yẹn sílẹ̀. Má mú àgbààgbà kankan dání. Má mú òkúta mìíràn dání láti fi tu Mọrẹ́nikẹ́ nínú. Bí o bá dé, sọ fún un pé o kò béèrè, pé o ṣìnà, pé o mọ ẹni tó ni ojú àtàǹpàkò yẹn, ìdí nìyẹn tí o fi pa á mọ́. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Bó bá sunkún, má bi í bóyá kò dán.

Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí o máa bọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí o má wá lọ́wọ́ òfo. Ọmọ ọlọ yẹn, òun yóò fi òkúta akọ, èyí tó le, ṣá ojú rẹ̀ fúnra òun títí yóò fi padà rí wúruwùru bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n a kì í ṣá ọmọ láìsí ìyá rẹ̀ nítòsí, nítorí a ó máa gbé e lé e wò bóyá ó ti ń mú ata. Ìyá ọlọ sì wà ní ilé ìdáná yín; òun kò lè gbé e nígbà tí òun ń bọ̀. Kí o gbé e wá lọ́la. Kí o gbé e wọ mọ́tò, ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ̀ ní Adó, kí o rù ú sórí gba Ọjà Ọba kọjá dé ilé wa.

Baba rẹ ní òun á gbé kẹ̀kẹ́ wá pàdé rẹ ní ìdíkọ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ní rárá, Baba, orí ni. Baba rẹ ní tíṣà ni ọ́, pé ọjọ́ ọjà ni lọ́la, pé kò sí ẹni tó tíì rí ọkùnrin tó ru ọlọ gba àárín Adó, gbogbo èèyàn á máa wò ọ́. Mọrẹ́nikẹ́ ní ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀rù wá bà mí. Mo rò ó pé obìnrin tó bá fẹ́ kúrò nílé ọkọ a máa kọ́kọ́ kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ jọ síbì kan. Ọmọ ọlọ ti dé, ó tún ń béèrè ìyá rẹ̀. Bó bá ti pé tán, ọ̀nà Ìyìn kò jìnnà. N kò lè gbé e mì. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, “Mọrẹ́ ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi. Bí o bá ṣá a tán, níbo ni ìyá ọlọ ń lọ?”

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè mi yà lẹ́nu.

Ó ní, “Ìyá, Ìgèdè ni. Àbí ẹ rò pé èmi ni n ó rù ú padà ni?”

Wá òṣùká tó nípọn, ọmọ mi. Àlọ àti àbọ̀ ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ ní Adó.